Oògùn Tí NyaGondwe Dì Sétí Aṣọ

Ọdún kejìlélógún rèé tí Tawonga Nkhonjera ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, ní ilé ìwòsàn kan lápá Rumphi. Kì í wọ bàtà iṣẹ́ láìgbàdúrà. Ó gbà pé Ọlọ́run ló ń wo aláìsàn sàn, ó sì gbà pé Ọlọ́run kì í báni gbé oògùn mì.

Nígbà òtútù oṣù kẹfà, wọ́n gbé bàbá apẹja kan wá, Yohane Msiska. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró ti dá a wólẹ̀, mímí nira fún un. Dókítà Mhango ní kí wọ́n máa gún un ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò. Lọ́jọ́ kẹta, ibà lọ, bàbá sì jẹ ṣímà, òkèlè àgbàdo wọn. Nílé ìwòsàn yẹn, ẹni tó bá ti ń jẹun gbọ́dọ̀ kúrò lórí abẹ́rẹ́, kó máa lo oníhóró, torí abẹ́rẹ́ kì í tó.

NyaGondwe, ìyàwó bàbá, kò fara mọ́ ọn.

"Sístà, ẹ ti ń lé wa lọ sílé nìyẹn."

"Ta ló lé yín, Màmá? Oògùn kan náà ni."

"Èyí tó bá gba ẹnu wọlé, inú ṣímà ló máa ń sọnù sí."

"Ẹ̀yin náà ti di dókítà."

Bàbá rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ó ti tó ogójì ọdún tó ti ń ṣe dókítà mi. Ẹ wo ibi tó bá mi dé."

Nọ́ọ̀sì kan ló wà fún ogójì aláìsàn, nítorí náà ará ilé ló máa ń fún aláìsàn lóògùn. Tawonga kó hóró náà lé NyaGondwe lọ́wọ́. Ó di ọwọ́ bàbá mú, ó gbàdúrà, ó ní, "Lórúkọ Jésù, ẹ máa relé lọ́jọ́ Ẹtì."

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì fi máa mọ́, ibà ti padà dé.

"Oníhóró ò ràn án," ni Mhango wí. "Ká bọ́ sórí èyí tó lágbára jù."

Ohun tí Tawonga sọ lórúkọ Jésù ló ń dùn ún. Ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀lé ti bàbá, tíṣà kan tó ń jẹ́ Gomezgani ti gbé gbogbo hóró tirẹ̀ mì lójú Tawonga, Tawonga sì gbàdúrà fún òun náà. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá.

NyaGondwe bẹ̀rẹ̀ láti gbé ọkọ rẹ̀ jókòó. Etí aṣọ tó ró sídìí wúwo, ó ń mì.

"Kí lẹ dì síbẹ̀, Màmá?"

Ó tú u. Gbogbo hóró náà pé.

"Mo rò pé bí ara rẹ̀ bá tún gbóná, ẹ ó dá abẹ́rẹ́ padà. Mo ń tọ́jú ìwọ̀nyí de ilé."

"Dókítà," ni Tawonga wí, "kò tíì gbé ẹyọ kan mì. Ẹ má pààrọ̀ oògùn."

Mhango dá abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ padà fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà, Tawonga ń dúró ti bàbá títí yóò fi gbé hóró kọ̀ọ̀kan mì. Nígbà tó di Ọjọ́rú, wọ́n ní kí bàbá máa relé.

"Sístà, àdúrà yín gbà," ni NyaGondwe wí. "Abẹ́rẹ́ yẹn náà sì gbà."

"Ẹ ṣé, Màmá."

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, nígbà tí Tawonga rí hóró wọ̀nyẹn létí aṣọ, ọkàn rẹ̀ ti fúyẹ́, bí ẹni tó rí ẹlẹ́rìí tó dá Ọlọ́run láre. Ojú sì tì í. Kò sí etí aṣọ kankan tí yóò tú láti fi ṣàlàyé ikú Gomezgani. Ó tẹ́ aṣọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì tíṣà, torí wọ́n ti ń gbé ẹlòmíràn bọ̀, ó sì dúró díẹ̀ kó tó gbàdúrà.