Ọjọ́ Tí Bàbá Rọra Gbé Rédíò Síta

Bí onígbàjámọ̀ àdúgbò wa ṣe bẹ̀rù òṣèlú tó, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Bàbá Rọra là ń pè é, torí "ẹ rọra" kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dá ọ̀rọ̀ ìbò sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, "Ẹ rọra, ẹ̀yin èèyàn mi." Bí olóṣèlú bá bọ́ sórí rédíò, á na ọwọ́ òsì, á yí i wálẹ̀ láìtilẹ̀ wò ó, kílípà á sì máa ṣiṣẹ́ lọ lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ẹ má dá a lẹ́bi o. Ti ìjọba ìbílẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù tó ń lò, káńsẹ́lọ̀ ló sì ń sọ ẹni tó máa wà níbẹ̀ àti ẹni tó máa kó ẹrù jáde. Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ la ẹnu bá káńsẹ́lọ̀ wí níwájú èrò lọ́jọ́ kan. Kí oṣù yẹn tó parí, abẹ́ igi ló ti ń ránṣọ. Ojú Bàbá Rọra ló ṣe. Ṣọ́ọ̀bù yìí ló fi ń bọ́ ọmọ, kò sì ní òmíràn.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọbìnrin, wà níléèwé girama. Tíṣà wọn kan, obìnrin tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, ní kí kálukú wá ohun kan tó bàjẹ́ ládùúgbò rẹ̀, kó wádìí ẹni tó yẹ kó tún un ṣe, kó sì bi í léèrè. Ọmọ náà mú afárá onípákó tí wọ́n ń gbà lọ síléèwé, níbi tí ọmọ kékeré kan ti já sí kòtò tó sì dá lápá. Nígbà tó sọ fún bàbá rẹ̀ nídìí oúnjẹ, ọkùnrin náà gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣé o ò rí gíláàsì wíńdò iléèwé yín tó fọ́ ni? Mú ìyẹn."

"Ṣùgbọ́n, Bàbá mi..."

"Gbọ́ mi dáadáa. Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ẹ̀yìn sì ti ń dùn mí."

Ọmọ náà dákẹ́. Bàbá rò pé ó ti gbọ́. Ẹni tó bá ti tọ́ àbíkẹ́yìn rí á mọ̀ pé irú ìdákẹ́ yẹn kì í ṣe ìgbọràn.

Nígbà tó di Sátidé, ọmọ ní òun ń lọ sọ́dọ̀ tíṣà. Kò pẹ́ sí i ni káńsẹ́lọ̀ fúnra rẹ̀ wọlé wá gẹrun. Bàbá Rọra ti gẹ ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀ tán nígbà tí ètò àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò. Atọ́kùn ètò ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí tíṣà wọn kó wá wà lọ́dọ̀ òun, wọ́n sì ní ìbéèrè fún káńsẹ́lọ̀ wọn. Ọwọ́ òsì Bàbá Rọra ti nà lọ sídìí rédíò bí ìṣe rẹ̀ kí ohùn kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Hà! Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni!

Ọwọ́ náà dúró síbi tó dé. Ọmọ tí kì í lè sọ nílé pé oúnjẹ ò níyọ̀! Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó sọ àwọn pákó tó ti jẹrà, ó sọ ọ́fíìsì tí òun lọ àti èsì tí wọ́n fún òun, ó sọ bí ọmọ kékeré yẹn ṣe ń ké pe ìyá rẹ̀ nínú kòtò. Orí Bàbá Rọra wú. Ó ń ṣe é bíi kó sunkún, ó ń ṣe é bíi kó rẹ́rìn-ín. Ìgbà wo ni ọmọ yìí dàgbà tó báyìí, tí òun tí àwọn jọ ń gbélé ò mọ̀?

Inú bí káńsẹ́lọ̀. Ì bá dìde lọ, àmọ́ ta ló máa gbé orí tó mọ́ lápá kan, tó rí wúruwùru lápá kejì, jáde síta? Ó fa fóònù yọ, ó pe ilé iṣẹ́ rédíò. Bí wọ́n ṣe gbé e sáfẹ́fẹ́ báyìí, ni rédíò ṣọ́ọ̀bù bá ń han gooro torí fóònù tó sún mọ́ ọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni atọ́kùn wí, "ẹ yí rédíò tó wà lọ́dọ̀ yín wálẹ̀."

Ẹ wo ẹni tí wọ́n ń sọ ìyẹn fún o! Iṣẹ́ tí onígbàjámọ̀ wa ti ń ṣe látọjọ́ aláyé ti dáyé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, Bàbá Rọra ò yí i wálẹ̀. Ó gbé rédíò síta, ó gbé e ka orí bẹ́ǹṣì, ó sì yí i sókè dópin. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ.

"A máa wò ó," ni káńsẹ́lọ̀ ń wí nínú ṣọ́ọ̀bù, rédíò náà sì ń wí i níta.

"Ẹ ṣé, sà. Ìgbà wo lẹ máa wò ó?"

Èrò hó yèè.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni káńsẹ́lọ̀ wí, "ọmọ ta tiẹ̀ ni ẹ́ ná?"

Rédíò dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá Rọra, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mọ ohun tó pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́. Kì í ṣe ẹ̀rù ara rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ló ń rò. Ọmọ tí kò bẹ̀rù káńsẹ́lọ̀, bàbá rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Omi lé ọkùnrin náà lójú. Ó wo dígí rẹ̀, ó wo àga rẹ̀, ó wọlé, ó sì tẹ̀ síbi fóònù tó wà lẹ́nu káńsẹ́lọ̀.

"Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n," ni gbogbo èrò gbọ́ níta. "Èmi ni mo bí i, sà. Ẹ rọra, kí ẹ dá a lóhùn."