Wáyà Tí Mo Fi Dá Bàbá Díẹ̀díẹ̀ Lẹ́bi

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ẹni ńlá. Agéirin ni nílé iṣẹ́ wa, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sì fi ṣe é. Bàbá Díẹ̀díẹ̀ là ń pè é, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ jù nìyẹn bí irin bá ti ń yí níwájú rẹ̀: "Díẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀." Bó ṣe ń sọ ọ́ fún ẹ̀rọ náà ló ń sọ ọ́ fún èèyàn. Ó sọ ọ́ fún mi títí etí mi fi kún. Ká ní mo gbọ́ ni, mi ò ní máa kọ ohun tí mò ń kọ yìí.

Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó máa ń so awò ojú rẹ̀ mọ́ etí pẹ̀lú òwú dúdú, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì máa ń fi àkísà nu ọwọ́ kó tó fi kan bọ́tìnì kankan. Bí mo bá fi fáìlì rin irin tán, á fi èékánná àtàńpàkò fa etí irin náà, á dá a padà fún mi láìwo ojú mi, á ní, "Lọ tún un ṣe, Ọ̀gbẹ́ni Ìkánjú." Ó ní ohun tó mú kí òun fẹ́ràn ẹ̀rọ òun ju ìyàwó òun lọ ni pé bí òun bá ní kí ẹ̀rọ dúró, á dúró. Ìyá, ìyàwó rẹ̀, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ kan, ó sì ní kó lọ bá ẹ̀rọ náà sùn.

Ẹ̀rọ yẹn ti dàgbà. Nọ́ńbà ló fi ń gba àṣẹ: lọ síbí, gé tó báyìí, padà. Tẹ́lẹ̀, Bàbá fúnra rẹ̀ ló máa ń tẹ àwọn nọ́ńbà náà sínú rẹ̀, ìka kan ṣoṣo, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, odindi òwúrọ̀ á sì lọ sí i. Ọ̀gá wa obìnrin ní ayé ti kúrò níbẹ̀. Ó ní ká fa wáyà láti ara kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ́fíìsì dé ìdí ẹ̀rọ, kí kọ̀ǹpútà máa ka àṣẹ sí i létí. Bàbá ló ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún mi. "Ọmọ mi ni," ó wí, "ó mọ̀ ọ́n." Bí mo ṣe di Oníwáyà nìyẹn.

Iṣẹ́ náà kò le bí àwọn èèyàn ṣe rò, ṣùgbọ́n ó fẹ́ sùúrù, èmi ò sì ní sùúrù. Ẹyọ lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn ni ọ̀rọ̀ ń gba inú wáyà kọjá. Ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń yára sọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ fi máa gbọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìsọkúsọ ni yóò máa gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìsọkúsọ fi kún ojú ẹ̀rọ náà. Bàbá á wá dúró lẹ́yìn mi, á wò ó, á ní, "Kọ̀ǹpútà rẹ ti mutí yó." Ní ọjọ́ kẹrin mo mú ìwọ̀n méjèèjì bára mu, ọ̀rọ̀ sì já gaara.

Ó ku nǹkan kan. Inú ẹ̀rọ náà kéré, iṣẹ́ tó bá gùn kò lè wọ̀ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà á máa bù ú fún un bó ti ń ṣe é ni. Bí ẹnu rẹ̀ bá kún, á ní, "Dúró ná." Bó bá gbé e mì tán, á ní, "Ó yá." Okùn tín-ín-rín kan wà nínú wáyà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó gbé "dúró ná" yẹn lọ bá kọ̀ǹpútà. Okùn yẹn gan-an ló já nígbà tí mò ń fa wáyà gba inú páìpù abẹ́ ilẹ̀.

Mo mọ̀ pé ó ti já. Láti fa òmíràn, yóò gbà mí ní odindi ọjọ́ kan, ọ̀gá sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo bá dá ọgbọ́n burúkú kan. Mo mú wáyà kékeré tí kò gùn ju èékánná lọ, mo sì fi òjé yíyọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, débi pé ẹnu tí kọ̀ǹpútà fi ń béèrè pé "Ṣé kí n máa bọ̀?" wá so mọ́ etí òun fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà, kọ̀ǹpútà ń bi ara rẹ̀ léèrè, ó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn pé, "Máa bọ̀." Àwọn iṣẹ́ kékeré ń lọ geere. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Bàbá gbá mi léjìká, ó kọjú sí gbogbo ilé, ó ní, "Ṣé mo sọ fún yín àbí mi ò sọ?"

Iṣẹ́ gígùn àkọ́kọ́ dé ní ọjọ́ Ajé kan. Ọ́fíìsì ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ìró kan tí kì í ṣe ìró kí irin máa gé irin. Mo sáré jáde. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ ti wọ àárín irin gbuurugbu, ó ti ṣẹ́, ọ̀pá tó ń yí irin sì ti wọ́. Bàbá ti tẹ bọ́tìnì pupa. Ó dúró síbẹ̀, awò rẹ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń ṣẹ̀ lágbọ̀n rẹ̀.

Ohun tó fa irú jàǹbá bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bí o bá kọ àádọ́ta tí o fi pọ́ìǹtì, àmì tóótó kékeré yẹn, sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀rọ yẹn gbà pé àádọ́ta mìlímítà lo wí. Bí pọ́ìǹtì bá sọnù, ohun tí kò nípọn ju irun orí lọ ló máa kà á sí, ọ̀bẹ á sì forí lé àárín irin. Àràárọ̀ ni Bàbá ṣì máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìwọ̀n ọ̀bẹ sínú ẹ̀rọ, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ojú gbogbo èèyàn lọ.

"Bàbá," ọ̀gá wí, "ṣé ẹ fi pọ́ìǹtì sí i?"

"Mo fi sí i."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Nínú ìpayà, Bàbá ti nu nọ́ńbà náà kúrò lójú ẹ̀rọ, kò sí ohun tí èèyàn lè yẹ̀ wò mọ́. Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀. "Mo rò pé mo fi sí i," ó wí. Lẹ́yìn náà, níṣojú gbogbo ilé iṣẹ́, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò rántí mọ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo fi iṣẹ́ yẹn ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ní kó dá ohun tó gbọ́ padà fún mi, mo sì fi wé èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ìlà dé ìlà. Ní nǹkan bí ìlà igba, pọ́ìǹtì kan ti sọnù. Nísàlẹ̀ rẹ̀, odindi nọ́ńbà kan ti lọ. Ẹnu ẹ̀rọ ti kún, ó ti ń pariwo pé "dúró ná," kò sì sí ẹni tó ń gbọ́, nítorí pé èmi ni mo dí kọ̀ǹpútà létí.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo yọ wáyà kékeré náà, mo jù ú sáàárín pàǹtí irin, mo sì fa wáyà tuntun. Odindi ọjọ́ tí mi ò rí lò tẹ́lẹ̀, mo rí i lò lọ́jọ́ yẹn. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Mo sọ fún ara mi pé Bàbá ti darúgbó, pé kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì náà. Mo sọ pé ọ̀gá ti fẹ́ fi mí ṣe olórí ẹ̀ka, pé mo ní ọmọ nílé. Ìyàwó mi bi mí pé kí ló dé tí mi ò jẹun, mo ní inú ló ń run mí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá wá bá mi nídìí kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n bá òun tẹ lẹ́tà ìfẹ̀yìntì. Ó ń pè é, mò ń tẹ̀ ẹ́: pé ojú òun àti ọwọ́ òun kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, pé òun kò fẹ́ pa èèyàn lára. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bá mi kà á dáadáa o, Oníwáyà. Mo ti di ẹni tí ń gbàgbé nǹkan." Mo kà á dáadáa. Mo tún àṣìṣe méjì ṣe, mo sì gbé e fún un kó fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà la ṣe ìpàdé ìdágbére, ní ọ̀sán. Wọ́n to àga sáàárín àwọn ẹ̀rọ. Bàbá wọ aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa, Ìyá jókòó tì í. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nítorí pé èmi ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo dìde, mo sọ ti fáìlì, mo sọ ti Ọ̀gbẹ́ni Ìkánjú, wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sọ pé kò sí agéirin bíi tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun mi, mo gbé e mì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Bàbá dìde, ó wá bá mi, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. Ó rọra sọ̀rọ̀ kí àwọn yòókù má bàa gbọ́.

"Ọmọ mi, o ṣeun. Mo mọ̀ pé o ti rí i tipẹ́ pé ọwọ́ mi ti ń ṣàṣìṣe, o ò sì tú mi fó. O bò mí láṣìírí."

Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọ inú rẹ̀ lọ. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là.

"Bàbá, ẹ fi pọ́ìǹtì sí i! Ẹ fi sí i, sà. Wáyà mi ló sọ pọ́ìǹtì nù."

Ọ̀gá ní, "Kí lo wí?" Mo bá sọ gbogbo rẹ̀ tán: okùn tó já, wáyà kékeré, bí mo ṣe fa tuntun kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀. Ọwọ́ mi ṣì wà lọ́wọ́ Bàbá.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?" Bàbá bi mí.

"Láti ọjọ́ kejì, sà. Ó pé ọjọ́ mọ́kànlá lónìí."

"Ọjọ́ mọ́kànlá." Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, mi ò mọ ẹni tó ń bá wí.

"Ọmọbìnrin mi bímọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n gbé e fún mi, mo kọ̀. Mo ní kí ọwọ́ mi má lọ já a sílẹ̀."

Ìyá dìde, ó mú báàgì rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ, Bàbá," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ gbé e."

Wọ́n gba iwájú mi kọjá, kò sì sí ẹni tó wò mí nínú àwọn méjèèjì.