Àtẹ́rígbà Ilé Ìyá Wa

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́ mi ní ilé mímọ ní Pira, ìlú wa, nígbà tó jẹ́ amọ̀ nìkan la fi ń mọlé. Ọ̀nà tirẹ̀ kò le: mọ ipele kan, fi í sílẹ̀ fún oòrùn, tó bá gbẹ, mọ òmíràn lé e. Ilé rẹ̀ kan ò wó rí, á sì máa fi ìyẹn yangàn títí ọbẹ̀ á fi tutù.

Èmi lọ kọ́ iṣẹ́ símẹ́ńtì ní Savalou, láyé ìjọba sósíálíìsì, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ń pe ara wọn ní kàmáráàdì ní bírò. Mo padà wálé, a sì pinnu láti mọ yàrá onísímẹ́ńtì kan fún ìyá wa.

Ọ̀gá mi ní Savalou ti kọ́ mi pé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ẹni tó máa fọwọ́ kàn án jókòó, kí a ya ilé náà sórí ìwé, kí a sọ ta ni yóò ṣe kí ni, lọ́jọ́ wo. Mo yà á. Mo ká ìwé náà sápò. Ta ni mí tí n ó pe ẹni tó fi ọkọ́ lé mi lọ́wọ́ jókòó, kí n máa kọ́ ọ níṣẹ́?

A da àtẹ́rígbà símẹ́ńtì sókè ẹnu ọ̀nà, a fi igi gbé e ró. Símẹ́ńtì kò dà bí amọ̀: omi ló ń fẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀, igi abẹ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tètè kúrò. Ìyá wa nìkan ni mo sọ fún pé kó máa bu omi sí i. Mo gun alùpùpù lọ Savalou lọ ra páànù. Páànù ò sí, mo dúró dè é fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n mi bá ìyá wa níbi tó ti ń bu omi. Ó rẹ́rìn-ín, ó gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ta ló ń bomi rin ògiri. Oòrùn mú gan-an. Lọ́jọ́ kẹta, ó kan àtẹ́rígbà náà, ó dún bí ohun tó gbẹ, ló bá yọ igi. Àtẹ́rígbà náà já lé e lápá ọ̀tún.

Wọ́n gé apá náà ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Tèmi ò mọ ẹ̀yìn, ojoojúmọ́ ló ń bá mi jí.

Lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi bi mí bóyá mo mọ̀ pé igi náà kò tíì tó yọ. Mo ní mo mọ̀.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́."

"Mi ò fi nǹkan kan pamọ́ fún ọ nígbà tí mò ń kọ́ ọ," ló wí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi.