Kọ̀ǹpútà Inú Àpótí Ẹ̀rọ Ìránṣọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí obìnrin yìí ṣe lágídí tó, kó wá bi mí. Èmi ni mo ń fọṣọ tí mo sì ń lọ̀ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tirẹ̀. Pákó lásán ló wà láàárín wa. Tó bá sín, èmi ni mo máa ń kí i kú ewu. Aránṣọ ni. Tépù tó fi ń wọn ara kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìyẹn ni gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é ní Àǹtí Tépù.

Àǹtí Tépù kì í kàn fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sórí aṣọ kó sì gé e bíi tàwọn yòókù. Orí kọ̀ǹpútà ló ti máa ń ya bátànì rẹ̀, ibi tí apá máa gbà, ibi tí kọ́là máa yí sí, kó tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Àmọ́ kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, tó sì fẹ́ràn kí èèyàn máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òun ṣáá. Tó bá di Sátidé, Àǹtí Tépù á lọ síbẹ̀, á jókòó sí igun pálọ̀ wọn, á máa yàwòrán.

Ní Sátidé kan, ó débẹ̀, ó tan kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ní kó mú ọ̀rọ̀ àṣírí wá. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó jókòó pẹ̀lú àwọn àlejò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kò jẹ́ kí n wọlé."

"Èmi ni mo tì í." Kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. "Ìyàwó wa, kọ̀ǹpútà iṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ohun ìṣeré aránṣọ. Àwọn àwòrán rẹ yẹn ń gba àyè. Mo ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́."

Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín.

Mo rí i nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé á sunkún, kò sun. Ó gbé àga síta, ó jókòó, ó ń wo títì. "Gbogbo bátànì mi," ló wí. "Ó pa á rẹ́ bí ẹni nu tábìlì." Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Mi ò ní fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ láyé mi. Tèmi ni mo máa ní."

Ọkọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í fẹ́ gbọ́ ìjà. Ó ní kó lọ bẹ ẹ̀gbọ́n òun.

"Kí ni mo ṣe tí mo fi máa bẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Mo ní, kí ni mo ṣe?"

 Ọkọ mú kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì, ó jáde.

Owó tó wà lọ́wọ́ Àǹtí Tépù kò lè ra kọ̀ǹpútà tuntun. Kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù ló lè rà, ojú ìyẹn sì kéré jù; bátànì ẹ̀wù gígùn kò ní hàn tán nínú ẹ̀. Ló bá ní òun máa ra ẹ̀yà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, òun á sì tò ó pọ̀ fúnra òun.

Mo ní, "Ṣé orí rẹ pé báyìí?"

Ó ní, "Ẹ̀rọ ìránṣọ mi tó ń bàjẹ́, ta ló ń tú u? Ta ló ń tò ó?"

 Látìgbà yẹn, tó bá ń ránṣọ, fóònù rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn kan á máa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń to kọ̀ǹpútà. Èmi tí mo ń lọ aṣọ jẹ́jẹ́ mi, tipátipá ni mo fi mọ díẹ̀ níbẹ̀.

Èmi àti ẹ̀ la jọ lọ ra ọjà náà. Wáyà kún inú ṣọ́ọ̀bù tá a dé débi pé a ò mọ ibi tá a máa fẹsẹ̀ sí. Ọ̀gá Wáyà náà ni wọ́n ń pe ẹni tó ni ín. Bó ṣe rí wa báyìí, ó gbé kéèsì kan jáde, ìyẹn ilé tí wọ́n ń kó gbogbo ẹ̀yà sí. Gíláàsì ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iná pupa àti iná búlúù ń lé ara wọn kiri nínú ẹ̀.

"Àǹtí, èyí ló bóde mu."

"Ó rẹwà. Ṣé iná yẹn mọ aṣọ rán?"

"Rárá o, ẹwà lásán ni."

"Ẹ gbé e padà. Mo ti rẹwà tẹ́lẹ̀."

Ọ̀gá Wáyà tún fa káàdì ńlá kan yọ, ó ní ìyẹn ló ń mú kí àwòrán géèmù dán. Àǹtí Tépù ní ìlà lásán lòun ń fà, òun ò bá ẹnikẹ́ni jagun nínú kọ̀ǹpútà. Ó ra ọpọlọ kọ̀ǹpútà ní àlòkù. Bọ́ọ̀dù tí gbogbo ẹ̀yà máa jókòó lé, àlòkù náà ni. Ó yọ tépù lọ́rùn, ó fi wọn àwọn sikirínì tó wà ńlẹ̀, ó mú èyí tó fẹ̀ jù. Etí rẹ̀ ti fọ́ díẹ̀, ó ní etí kọ́ lòun fẹ́ wò. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan àpótí tó ń pín iná fún gbogbo wọn, tí Ọ̀gá Wáyà ní kó mú àlòkù tó pọ́ọ́kú, ó yarí kanlẹ̀.

"Tuntun ni màá mú níbẹ̀. Tíyẹn bá ṣe wèrè lọ́jọ́ kan, gbogbo ìyókù ló máa jó."

"Owó yín ò ní tó ra kéèsì mọ́ o."

"Kéèsì kọ́ ló ń ṣiṣẹ́."

A dé ṣọ́ọ̀bù wa, ó to ẹ̀yà mọ́ bọ́ọ̀dù títí ó fi ku mẹ́mòrì, pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Kò wọlé sójú ihò rẹ̀. Àǹtí Tépù sọ irú èyí tó fẹ́, etí mi ni mo fi gbọ́. Irú ti àtijọ́ ni ọkùnrin yẹn dì fún un.

Nígbà tá a padà lọ, Ọ̀gá Wáyà ní, "Ọjà tá a bá ti tà, a kì í gbà á padà."

Àǹtí Tépù ò pariwo. Ó fa àpótí ìjókòó kan sẹ́nu ọ̀nà, ó yọ ṣòkòtò kan nínú báàgì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká etí rẹ̀. Oníbàárà kan wọlé.

"Ẹ káàbọ̀ o," ló kí i tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ rọra yẹ ọjà yín wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Mẹ́mòrì tí wọ́n tà fún mi ò bá bọ́ọ̀dù mu, wọn ò sì fẹ́ gbà á."

Ọkùnrin yẹn ki owó padà sápò. Èyí tó tẹ̀ lé e ò tiẹ̀ wọlé.

"Àǹtí, ẹ ń ba ọjà mi jẹ́!"

"Èmi? Mo kàn jókòó ni o."

"Ẹ máa lọ sílé!"

"Ìránṣọ tí mo kó dání ṣì pọ̀. Mo lè wà ńbí dọ̀la."

Ọ̀gá Wáyà fọwọ́ ara rẹ̀ gbé mẹ́mòrì tó yẹ wá. Ó tún fi ẹ̀kúnwọ́ nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń de ẹ̀yà mọ́lẹ̀ ṣe jàárà, ká ṣáà lè kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó ku kéèsì. Àǹtí Tépù gbé ìdérí onípákó tó ń bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ àtijọ́ wálẹ̀, ó dorí rẹ̀ kodò, ó ní ilé kọ̀ǹpútà ti dé. Ó to bọ́tìnnì ńláńlá sábẹ́ bọ́ọ̀dù kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ibi tí fáànù máa gbà ló ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé. Ọkùnrin náà wò ó, ó jáde. Nígbà tó máa padà, ó ti yá dírílì.

Nígbà tí wọ́n tò ó tán, wọ́n tan án. Fáànù ń yí, sikirínì ṣókùnkùn.

"Àbí ká pe Ẹ̀gbọ́n?" ni ọkọ wí.

Àǹtí Tépù kàn wò ó. Ọkọ ní òun ò sọ nǹkan kan. Obìnrin náà yọ gbogbo ẹ̀yà, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dórí mẹ́mòrì, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dún kọ̀. Àṣé kò wọlé dáadáa tẹ́lẹ̀ ni. Igbe tó ké nígbà tí sikirínì tàn, díẹ̀ ló kù kí n jó ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì mọ́ ayọ́ọ̀nù.

Ìròyìn dé etí ẹ̀gbọ́n ọkọ. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan tí ọkọ náà wà ńbẹ̀.

"Ìyàwó wa, kọ̀ǹpútà rèé àbí ilé ẹyẹlé?"

"Kọ̀ǹpútà mi ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ káàbọ̀."

"Ó dáa. Mo ti ṣí èyí tó wà nílé. Àwọn ẹbí ti ń sọ̀rọ̀. Wá bẹ̀ mí, kó o sì máa wá bíi ti tẹ́lẹ̀."

Àǹtí Tépù dìde dúró. "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò wá."

"O ò wá?"

"Ẹ pa iṣẹ́ mi rẹ́, ẹ fi mí ṣẹ̀sín lójú àlejò, dòní ẹ ò tíì sọ pé pẹ̀lẹ́. Mi ò bú yín, mi ò sì ní bú yín. Ṣùgbọ́n mi ò wá."

Ọkùnrin náà yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ṣé ò ń gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ ń sọ sí mi?"

Ọkọ wo ilẹ̀. Mo ti gbé ayọ́ọ̀nù dúró. Ọkọ gbórí sókè.

"Mo ń gbọ́, Ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ ló sọ."

Ẹ̀gbọ́n bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò kí wa pé ó dàbọ̀.

Gbogbo bátànì tó sọ nù kọ́ ló padà. Ti aṣọ ìyàwó kan wà níbẹ̀ tó fi oṣù púpọ̀ yà, ẹni tó ni aṣọ ti kó lọ sílùú mìíràn, kò sí aṣọ tó lè wò tún un yà, ìyẹn ti lọ pátápátá nìyẹn, inú sì ń bí i sí i dòní. Àwọn tó kù, ó ń yà wọ́n padà díẹ̀díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ máa ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóun nìkan. Fáànù inú pákó yẹn ń kùn látàárọ̀ bí eṣinṣin ńlá. Mo ní kó wá nǹkan ṣe sí i, ó ń dí mi létí. Ó ní tó bá dí mi létí, kí n gbé etí mi kúrò níbẹ̀.