Ẹrù Tí Ìyá Mojí Dì fún Mi Lórí Òkè

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lọ́nà òkè, nítorí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Mojí ìyàwó mi kú nígbà òjò tó kọjá. Èkó níbí la sin ín sí. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè ní Òkè Ògùn, wọ́n ti darúgbó gan-an. Ẹbí ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wọn. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa: a kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá arúgbó.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé abúlé wọn, ṣùgbọ́n màmá ń ránṣẹ́ ṣáá pé kí ló dé tí Mojí ò wá mọ́? Ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi bá wá bá mi nílé mi ní Abúlé Òkúta, l'Èkó níbí. Ó ní kí n lọ fojú hàn wọ́n, kí n sọ pé ara Mojí ò yá díẹ̀, ó ń bọ̀. Ó ní bí mo bá sọ òótọ́, èmi ni mo pa màmá o!

Mo lọ. Mọ́tò kì í gun òkè yẹn. Ọ̀kadà gan-an, ìsàlẹ̀ ló ń já èèyàn sí. Ẹsẹ̀ lèèyàn ń fi rìn ín láàárín àpáta, láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi yẹ àtàrí. Ọ̀nà tí Mojí ń ru ẹrù gbà lọ sọ́jà nígbà tó wà lọ́mọdé nìyẹn! Obìnrin kan tó ru igi rí bàtà mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá Èkó, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ fi ń gun òkè? Ẹ tètè bọ́ ọ, kí àpáta má baà bá yín bọ́ ọ!"

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Màmá rí mi, ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń wò. "Ọkọ Mojí, ìyàwó rẹ ńkọ́? Àbí ó ń sinmi lójú ọ̀nà? Ọ̀lẹ ni látilẹ̀!"

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n di ẹrù fún mi: ẹ̀gúsí, èlùbọ́, àti ewé àgbo tí wọ́n fọwọ́ ara wọn já. Wọ́n ní kí n sè é fún un, kó mu ún ní gbígbóná.

Ẹrù náà ò wúwo. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ débi tí mo ti ń rí òrùlé páànù ìlú ìsàlẹ̀, mo sọ ẹrù náà kalẹ̀. Mo jókòó lórí àpáta. Àgbo! Ta ni n ó sè é fún?

Mo yí padà, mo tún òkè náà gùn.

Màmá ń kó èlùbọ́ tí wọ́n sá sórí àpáta. Wọ́n rí mi pẹ̀lú ẹrù lórí, igbá sì bọ́ lọ́wọ́ wọn kí n tó lanu. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ fún wọn.

Wọn ò kú. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sunkún títí ohùn wọn fi há. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí:

"Ẹ̀mí gígùn tí mò ń tọrọ fún un láràárọ̀, ẹ̀yin kàn ń wò mí kí n máa tọrọ rẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Kò burú.

Ẹ̀yin ará, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń jẹ́ ká fi ikú pamọ́ fún àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìyá sunkún ọmọ rẹ̀. Ta ni wọ́n ti rán nírú iṣẹ́ yìí rí? Báwo lẹ ṣe jẹ́ ẹ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, bóyá ẹnìkan nínú yín ní èsì tí mo lè fún màmá.