Iṣan Tí Káfíńtà Ń Wọ́

Afínjú ni gbogbo oníbàárà ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu. Nílé alágbàfọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń lọ aṣọ: ọwọ́ ọ̀tún a máa ti áyọ́ọ̀nù, ọwọ́ òsì a máa tẹ́ aṣọ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọwọ́ òsì yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Tó bá ti gbé e sókè láti fi aṣọ kọ́, á rẹ̀ ẹ́, á sì kú tipiri.

Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tí kì í gba oògùn gbọ́ bí kò bá ta ni lára, sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ náà, ó ní, “Iṣan ni. Ẹ lọ rí dókítà àgbà.”

Iṣan ni! Ẹ gbà mí lọ́wọ́ èdè wa yìí. Okùn tó ń fa apá, iṣan là ń pè é. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan náà ni. Káfíńtà gbọ́ èyí tó yé e. Ó ra ìpara tó ń jó bí ata, ó sì sọ ara rẹ̀ di dókítà àgbà. Ní ìrọ̀lẹ́, á máa wọ́ apá ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń fá pákó.

“Ṣé ó ń ta ọ́?”

“Ó ń ta mí díẹ̀.”

Irọ́ ni. Kò ta á rárá.

Lọ́jọ́ kan níbi iṣẹ́, òórùn ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó rò pé aṣọ ló ń jóná. Nígbà tó máa wolẹ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ òsì rẹ̀ ló wà lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Kò pariwo. Ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì náà tán kó tó pe ọ̀gá rẹ̀.

Ìgbà yìí ló tó dé ọ̀dọ̀ dókítà àgbà, obìnrin bíi tirẹ̀. Dókítà di ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, ó ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù. Ó mú tọ̀tún, ó tún padà sí òsì. Kò rí nǹkan kan. Wọ́n ya fọ́tò inú ara rẹ̀, dókítà wá ní kó jókòó.

“Iṣan ẹ̀jẹ̀ yín ló wú. Àwọn ọmọ ogun ara yín, tó yẹ kó máa bá àrùn jà, ló dojú kọ ọ́, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ wá ń fún. Ṣé ẹ ń lo oògùn kankan?”

“Oògùn tí mo fi ń wá ọmọ ni, mà.”

Dókítà mí kanlẹ̀. “Obìnrin ni àrùn yìí máa ń mú jù, pàápàá àwọn tí ò tíì dàgbà púpọ̀. A fura pé họ́mónù obìnrin, èyí tó ń mú wa ṣe nǹkan oṣù, ló ń koná mọ́ àwọn ọmọ ogun náà nídìí. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Àmọ́ oògùn yín ń ta họ́mónù sókè, tí oyún bá sì bá iṣan báyìí, ẹ̀mí yín lè bá a lọ. Ẹ dá a dúró ná.”

“Títí dìgbà wo, mà?”

“Títí wíwú náà á fi lọ sílẹ̀. Ó lè pẹ́.”

“Ẹ ṣeun, mà.”

Ẹ ò rí nǹkan! Ohun kan ṣoṣo tó ń tọrọ láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ ni wọ́n ní kó gbé sílẹ̀, ó ń dúpẹ́. Inú bí mi fún un, torí òun fúnra rẹ̀ kò bínú, kò sì sunkún.

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ ti ṣí ìpara sílẹ̀.

“Ẹ dé e,” Afínjú ní. “Kì í ṣe iṣan tí ẹ ń wọ́ yẹn.”

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń sọ fún oníbàárà pé aṣọ kò tíì gbẹ. Ó ń retí kí ọkọ rẹ̀ bi í pé, “Ọmọ wa ńkọ́?” Ọkùnrin náà kò bi í. Ó jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tó ṣe, ó rí i tí èjìká ọkọ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wolẹ̀. Ọkùnrin náà ti fi ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ di àwọn ìka òsì ìyàwó rẹ̀ mú, ó fún wọn pinpin, omijé sì ń kán lé wọn lórí. Afínjú kò mọ ìgbà tó ti dì í mú.

“Olówó orí mi,” ó ní, “tọ̀tún ni kí ẹ dì mú.”