Réfẹ́rì Tó Ń Fi Etí Ríran

Bí fíríìjì yín bá kọ̀ tí kò tutù mọ́, ẹ gbé e fún Fèrè-ò-sinmi, kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀. Á dẹtí sí ìdí ẹ̀, á ní, "Ibí ni," ibẹ̀ náà ló sì máa ń jẹ́. Ohun tó sọ ọ́ di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ fíríìjì gan-an ló ń sọ ọ́ di aláwàdà ní Sátidé, tó bá wọ aṣọ réfẹ́rì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń lo ojú, etí ló gbé lọ.

Fèrè kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀, àfi bí ọmọ tí wọn ò tíì já lẹ́nu ọmú. Èrò ò ní tíì pariwo tán tó ti fọn ọ́n. Ta ló ti ta? Kò mọ̀. Á ṣáà nawọ́ sí ẹnì kan, á wá yọ àyà bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan fò sókè, ó ju bọ́ọ̀lù sápẹ̀rẹ̀, ó wọlé wẹ́rẹ́. Èrò hó. Fèrè-ò-sinmi fọn fèrè, ó ní ọmọ náà ti ẹlòmíì, ó fagi lé bọ́ọ̀lù náà. Báyìí ni ẹgbẹ́ ọmọ náà ṣe pàdánù.

Ọ̀gá àwọn réfẹ́rì, ìyá àgbà kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, pè é sí yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí. Ó tan fídíò eré yẹn fún un, ó pa ohùn ẹ̀.

"Mà, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Mo mọ̀. Wò ó."

Ó wò ó. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹnì kan.

"Ẹ jẹ́ n tún un wò, mà."

"Bó o wò ó dọ̀la, ọmọ náà ò ní ti ẹnikẹ́ni. Ariwo lò ń bá kiri. Sátidé tó ń bọ̀, fèrè á wà lọ́wọ́ ẹ. Kójú rí i kó tó dénu. Tó o bá kọ̀ tó ò yípadà, ìdí aago lo máa jókòó sí."

Ìdí aago! Ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí orúnkún wọn ti kú sí, kí wọ́n máa tẹ bọ́tìnnì aago eré. Nígbà tó délé rojọ́, ìyàwó ẹ̀ tó ń ránṣọ ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ṣé kí n fún yín ní òwú, kẹ́ ẹ fi dí etí?"

Sátidé dé. Fèrè wà lọ́wọ́. Èrò pariwo, ó dúró, kò sí nǹkan kan. Wọ́n tún pariwo, ó rí ìgúnpá tó wọ ẹlòmíì níhà, ó fọn ọ́n, ó tọ̀nà. Orí ẹ̀ wá wú. Ó gbàgbé, ó ti fèrè bọnu padà. Ẹnì kan ju bọ́ọ̀lù sókè, ariwo sọ, ó fọn ọ́n, bọ́ọ̀lù sì wọlé.

Ó fẹ́ nawọ́ síni bó ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ ò rẹ́ni tó máa nà sí. Bàbá tí kò jẹ̀bi rí látọjọ́ tí wọ́n ti bí i bá ní, "Èmi ni mo ṣì í. Kò sí fáòlù. Ó wọlé."

Èrò wá bú u dáadáa.

Ọ̀gá ẹ̀ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. "O tún fi etí fọn ọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó ń wo tábìlì aago bí ẹni ń wo ibojì ara ẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ pé o ṣì í?"

"Kò sẹ́nì kan, mà. Èmi fúnra mi ni."

"Ó dáa. Ìwọ lo máa ṣe ti Sátidé tó ń bọ̀."

Ìyàwó ẹ̀, tó ti wà láàárín èrò látàárọ̀, ní kò burú, ṣùgbọ́n kó tún "Èmi ni mo ṣì í" yẹn wí nílé, káwọn ọmọ wọn náà gbọ́.